Ojú Irin Tèmi, Ojú Irin Lọ́yà

Múínà, ọmọ ọmọ mi, ló ń kọ èyí sílẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má sáré sọ̀rọ̀, pé ọwọ́ òun ò lè bá ẹnu mi. Mo ní kó máa kọ èyí tó bá rí kọ. Èmi ò kàwé. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mo ṣe láti kékeré títí orúnkún mi fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ìgbògbò ló ń ṣe ìwé kékeré kan fún àwọn ọmọ tó ń jáde iléèwé tí wọn ò tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Wọ́n ní kí àwa àgbà sọ ìtàn iṣẹ́ wa. Inú mi dùn nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Mo ti ń ronú bí màá ṣe ṣàlàyé sítáàṣì sísè. Ọmọkùnrin tí wọ́n rán wá mumi tán, ó gbé ife kalẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ sọ ti Lọ́yà fún wa."

Lọ́yà, Lọ́yà. Ó ti sú mi. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ níbí pé ọkùnrin náà ṣe lọ́yà títí irun rẹ̀ fi ń funfun, kó tó fi í sílẹ̀ lọ di ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ojú irin. Àwọn èèyàn gbà pé ẹni tó ń fọ aṣọ rẹ̀ ló máa mọ̀ ọ́n jù. Òótọ́ ni. Mo mọ ohun tó jẹ, mo mọ ibi tó jókòó sí, mo mọ ọjọ́ tí ẹ̀rù bà á ní kóòtù, torí òógùn ìbẹ̀rù kì í yára kúrò lábẹ́ abíyá aṣọ. Ó dáa, màá sọ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n tèmi ni màá fi ṣáájú. Bí tèmi ò bá yé yín, tiẹ̀ ò lè yé yín.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń pa ẹja, ìyá mi ń yan án. Èmi nìkan ni èéfín ẹja ò bá lára mu nínú gbogbo ilé wa, màá máa wúkọ́, ojú mi á pọ́n. Bí wọ́n ṣe mú mi lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìyẹn, tí wọ́n ń fọṣọ fún àwọn tíṣà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Màmá Àgbà la máa ń pè wọ́n. Wọ́n ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú, pápá tí koríko rẹ̀ kúrú, tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, kànga sì wà láàárín rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló san owó kànga náà fún àwọn tó gbẹ́ ẹ. Omi kànga ibòmíràn níhà ibẹ̀ máa ń mú iyọ̀ díẹ̀ dání, ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Omi ti Màmá Àgbà, tó o bá fi ọṣẹ kàn án báyìí, ó ti ń hó. Orí koríko yẹn la ti ń sá aṣọ funfun, oòrùn á sì mú un funfun ju bó ṣe wà lọ. Ẹ fi ilẹ̀ yẹn sọ́kàn. Mò ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Màmá Àgbà kì í na ọmọ. Ì bá sàn kí wọ́n máa nà wá. Aṣọ tó o bá fọ̀ tí kò mọ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa gbé e kọ́ sí, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ni wọ́n á sọ fún pé, "Sìkírá ló fọ èyí o, ẹ bá wa kí i." Àwọn èèyàn á sì dúró, wọ́n á kí mi. Mo fọ aṣọ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù. Èyí tí à ń lò nígbà náà, eléèédú ni: àpótí irin tó ní ìdérí, tí wọ́n ń kó ẹ̀yín iná sínú rẹ̀. Ó wúwo tó ọmọ ọwọ́. Abẹ́ rẹ̀ tó ń kan aṣọ, Màmá Àgbà ń pè é ní ojú irin. Ohun tí wọ́n fi kọ́ mi jù nìyí: o ò gbọdọ̀ gbé ojú irin lé aṣọ oníbàárà láìjẹ́ pé o ti kọ́kọ́ gbé e lé tìrẹ. Bùbá funfun ni wọ́n ní kí gbogbo ọmọṣẹ́ máa wọ̀ síbi iṣẹ́ nítorí èyí. Wàá fa etí bùbá rẹ síta, wàá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wàá gbé irin lé e. Bí eérú bá wà lójú irin, bó bá dípẹtà, bùbá tìrẹ ló máa dọ̀tí. Wàá wá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nu irin náà, wàá tún dán an wò. Tí wọ́n bá rí ẹni tó ń kánjú gbé irin lọ sórí aṣọ aláṣọ, wọn kì í pariwo. "Tìẹ ná," ni wọ́n máa sọ. "Tìẹ ná."

Gbogbo etí bùbá tí mo wọ̀ nígbà èwe mi ló dúdú. Ìyá mi rò pé ọ̀bùn ni mo yà.

Ibi tí Lọ́yà ti wọlé nìyí. Mo ti ń parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ nígbà tí ìdílé kan tó lówó lọ́wọ́ sọ pé pápá Màmá Àgbà, ti bàbá ńlá àwọn ni. Gbogbo lọ́yà tó lórúkọ ní ìlú ló ti gba iṣẹ́ àwọn èèyàn yẹn rí, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá wọn jà. Ọmọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ẹ̀kọ́ òfin, ojú rẹ̀ dà bíi ti ọmọ iléèwé, gáùn kan ṣoṣo ló ní. Kò tíì rí ẹjọ́ gidi kan gbà. Màmá Àgbà lọ bá a. Nígbà tí mo rí i, mo sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti lọ.

A jọ lọ sí kóòtù. Ọmọkùnrin yìí dìde. Ó bi àwọn tó ní tàwọn ni ilẹ̀ náà pé báwo ni omi kànga náà ṣe rí. Wọ́n ní omi ni. Ó ní ta ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn. Ó wá kọjú sí adájọ́.

"Olúwa mi," ó ní, "ilẹ̀ yìí ò dùbúlẹ̀ lásán. Ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́, oúnjẹ ẹnu àwọn obìnrin wọ̀nyí ló mú."

Adájọ́ dá ilẹ̀ fún wa. Nígbà tí Màmá Àgbà ní kó sọ ohun tó fẹ́ gbà, ó ní òun ò gba nǹkan kan, pé ẹjọ́ tí wọ́n gbé fún òun nígbà tí ẹnikẹ́ni ò gbé fún òun ti tó. Màmá Àgbà ò fẹ́ràn ọ̀fẹ́. Wọ́n di gáùn rẹ̀ mú lójú ọ̀nà kóòtù, wọ́n wo ọrùn rẹ̀ tó ti ń dọ̀tí, wọ́n ní, "Níwọ̀n ìgbà tó o bá ń wọ aṣọ dúdú yìí, àwa la óò máa fọ̀ ọ́ fún ẹ." Ó rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ wọ́n. Màmá Àgbà kì í bá èèyàn ṣàwàdà. Nígbà tí Ọlọ́hun pè wọ́n, eteetí pápá yẹn ni a sin wọ́n sí, iṣẹ́ gáùn Lọ́yà sì bọ́ sí mi lọ́rùn.

Mo ju Lọ́yà lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kóòtù yẹn ló ti ń pè mí ní ìwọ, tí èmi ń pè é ní ẹ̀yin. Múínà, kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ọkọ mi mú mi wá sí Ìgbògbò, Lọ́yà náà sì kó ọ́fíìsì rẹ̀ wá sí Ìkòròdú. N ò bọ́ lọ́wọ́ aṣọ rẹ̀. Mo la ṣọ́ọ̀bù sẹ́bàá ọ̀nà, mo kó àwọn ọmọ àbúrò mi méjì sẹ́nu iṣẹ́ ní pápá Ẹ̀pẹ́, èmi ń gba aṣọ níbí. Ẹ̀yin tó fẹ́ ṣe lọ́yà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ọkùnrin yìí máa ń jẹ dòdò pẹ̀lú gáùn lọ́rùn. Ó máa ń fi bírò sápò láì dé e. Ẹjọ́ tó bá ní ní Èkó, ó máa wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, á jókòó síwájú níbi tí omi ti ń ta síni lára, nítorí pé ó fẹ́ máa bá awakọ̀ jiyàn. Gáùn á wá padà dé pẹ̀lú iyọ̀, màá máa rẹ ẹ́ sómi bí ẹja gbígbẹ. Aṣọ funfun kéékèèké méjì tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn, tí sítáàṣì rẹ̀ gbọ́dọ̀ le kó dúró ṣánṣán, ó fi nu ẹnu rí. Mo bá ọbẹ̀ lára rẹ̀. Ó ní òun ò mọ bó ṣe débẹ̀.

Bí mo bá sì ń lọ aṣọ rẹ̀, kì í lọ sílé. Ó máa dúró síwájú tábìlì mi, á máa ro ẹjọ́ ọjọ́ kejì fún mi. Á ní èmi ni adájọ́. Bí mo bá sọ pé mi ò gbà, á yí ọ̀rọ̀ náà padà, á tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ ogún, ẹjọ́ ewúrẹ́, títí mo fi ń lá àlá wọn. Bó bá jàre, ọgbọ́n tirẹ̀ ni. Bó bá jẹ̀bi, kọ́là tí mo lọ̀ ni kò le tó.

Láàárín ìgbà yẹn ni áyọ́ọ̀nù oníná dé. Mo rà á. Ó fúyẹ́, ó dán, inú mi dùn sí i títí iná fi lọ lórí ìdajì ṣòkòtò. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, iná á dé, iná á lọ, títí mo fi gbé eléèédú mi padà sábẹ́ tábìlì níbi tí ọwọ́ mi á ti máa tó o. Àwọn ọmọ mi ra ẹ̀rọ tó ń fọṣọ fún mi. Ó ń pariwo, ó ń mì, ó ń fa bọ́tìnnì já. Gààrí ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń ṣe iṣẹ́ náà nínú ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì, ooru ni wọ́n ń fọ́n sí aṣọ, wọ́n á gbé e sínú ọ̀rá, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i. Mo bi ọ̀kan nínú wọn bí wọ́n ṣe ń se sítáàṣì, ó ní, "Màmá, ó wà nínú agolo." Mo kúrò níbẹ̀.

Ẹ ò rí i pé Lọ́yà ni mò ń sọ tí mo fi ya ibòmíràn. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé, kò kó aṣọ wá. Ó ní, "Sìkírá, mò ń fi iṣẹ́ lọ́yà sílẹ̀. Iṣẹ́ ojú irin ló kù tí mo fẹ́ fi ọjọ́ ogbó mi ṣe."

Mo gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Mo rò ó pé ó ṣeé ṣe kí ẹjọ́ ti pọ̀ jù lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ràn wá lọ́wọ́ rí, n ò lè lé e. Mo ní ooru eèdú kì í ṣe nǹkan ìgbà ogbó, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó dá a lójú, kó wá ní òwúrọ̀ pẹ̀lú bùbá funfun, látorí áńkáṣíìfù la ó ti bẹ̀rẹ̀.

"Áńkáṣíìfù kẹ̀?"

"Ṣé ẹ rò pé màá gbé agbádá èèyàn lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni?"

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí aṣọ tí mo ti ká sínú agbọ̀n. Mo tún gbogbo rẹ̀ lọ̀. Rélùwéè ló ń wí. Àwọn olówó kan ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n fẹ́ tẹ́ ojú irin láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. Òun ló ti ń bá wọn wo ọ̀rọ̀ òfin rẹ̀, bó ṣe mọ̀rọ̀ sọ tó ni wọ́n rí tí wọ́n fi ní kó wá ṣe olórí wọn. Ó ní òun ti gbọ́ ìjà àwọn èèyàn tó, òun fẹ́ fi nǹkan kan sílẹ̀ tí èèyàn á gùn lọ síbi tó ń lọ. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, "Ìwọ náà ojú irin, èmi náà ojú irin, a ti di ọ̀kan." Mo ní a ò di ọ̀kan.

Gáùn rẹ̀, ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Mo gbé e kọ́ sínú yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú irun funfun àtọwọ́dá tí àwọn lọ́yà ń dé sórí, nínú páálí. Mo rò pé mo ti bọ́ nígbà náà. Ṣé aṣọ dúdú ni àdéhùn. Kò pẹ́ tó fi rán dẹ́rẹ́bà rẹ̀ wá pẹ̀lú ṣòkòtò tó kún fún amọ̀ pupa àti gírísì. Mo dá dẹ́rẹ́bà padà. Lọ́yà fúnra rẹ̀ wá, ó tẹ́ ṣòkòtò náà sórí tábìlì, ó ní kí n wò ó dáadáa. "Àwọ̀ wo nìyí?" Dúdú ni. "Màmá Àgbà ní aṣọ dúdú. Wọn ò dárúkọ gáùn." Mo fọ gírísì títí èékánná mi fi fẹ́ẹ̀ bọ́.

Àwọn awọnlẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ri òpó símẹ́ǹtì kéékèèké mọ́lẹ̀ láti ibi kan dé ibi kan, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì bọ́ sí àárín pápá Màmá Àgbà, kò jìnnà sí kànga. Àwọn ọmọ àbúrò mi ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé àṣìṣe ni. Mo ní bí Lọ́yà bá ti gbọ́, wọ́n á hú u.

Òun náà ló wá láti gba ilẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ ojú irin rẹ̀, ẹbí Màmá Àgbà pé jọ sí àgbàlá olórí ẹbí, wọ́n fún un ní àga tó dára jù. Ó ṣàlàyé bí rélùwéè á ṣe sọ Ẹ̀pẹ́ di ìlú ńlá, pé ilé iṣẹ́ máa ṣe ohun tó tọ́ fún gbogbo ẹbí, pé wọ́n máa fi ọgbà yí ibojì Màmá Àgbà ká, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Àwọn àgbà ń mi orí. Ta ni wọn ì bá tún gbẹ́kẹ̀ lé, ṣé kì í ṣe ẹni tó gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn olè? Mo na ọwọ́ mi sókè.

Mo ní, "Lọ́yà, ojú irin yìí, ṣé ó gba ilẹ̀ tiyín kọjá?"

Ó ní àwọn awọnlẹ̀ ló yan ọ̀nà, kì í ṣe òun. Mo ní ìyẹn kọ́ ni mo bi í. Olórí ẹbí wa ní kí n rọra. Mi ò rọra. Mo rán Lọ́yà létí ohun tó sọ fún adájọ́, pé ilẹ̀ yìí ń ṣiṣẹ́, pé ẹni tó bá mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́, oúnjẹ ẹnu wa ló mú.

Ó wò mí bí ẹni pé mo gbé aṣọ tó ti jó wá bá a. "Sìkírá," ó ní, "lọ́yà ni mí nígbà yẹn. Ọ̀gá ojú irin ni mí báyìí."

Àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí ìwé. Ìwé náà ní ilẹ̀ ojú irin ló jẹ́ láti ọjọ́ náà lọ, fún ojú irin nìkan.

Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn ọmọ àbúrò mi ọjọ́ tí katakata máa dé. Wọ́n ti sá aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn kan sórí koríko, funfun báláú, wọ́n wá lọ jẹun àárọ̀. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbọ́ ariwo, katakata ti gba orí aṣọ kọjá, ó ti ń ti iyẹ̀pẹ̀ sínú kànga. Mo dé Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án. Kànga ti kún dé ẹnu. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ọgbà ibojì, wọn ò sunkún, wọ́n kàn ń wo ibẹ̀. Mo fa aṣọ ibùsùn kan jáde nínú ẹrẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ irin katakata ti tẹ̀ sí i lára láti òkè délẹ̀, pupa, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì, bí ẹni pé èèyàn fara balẹ̀ lọ̀ ọ́ síbẹ̀ ni.

Mo gbé e bẹ́ẹ̀ wọ mọ́tò padà sí Ìkòròdú. Mo wọ ọ́fíìsì Lọ́yà, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì rẹ̀, lórí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ó dìde. Ó ní wọ́n máa san owó aṣọ náà. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó mọ̀ pé kì í ṣe owó aṣọ ni mo bá wá. Mo jáde. Àwọn ṣòkòtò dúdú rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ mi, mo dá wọn padà pẹ̀lú ìdọ̀tí wọn. Ó pẹ́ ká tó tún ríra.

Ojú irin tí wọ́n torí rẹ̀ dí kànga, ẹ bi mí. Wọ́n kó irin wá lóòótọ́, wọ́n tò ó jọ sẹ́bàá ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà, olúkúlùkù ń fa tirẹ̀, Lọ́yà ń parí ìjà lójoojúmọ́, ìjà tó sọ pé ó sú òun tó fi sá kúrò ní kóòtù. Lọ́jọ́ kan wọ́n wá kó irin náà lọ. Koríko gíga bo òpó símẹ́ǹtì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àbúrò mi ń ta omi inú ọ̀rá, èkejì ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ èèyàn. Lọ́yà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó jókòó sílé ní Ìgbògbò, kò jìnnà sí mi. Bó bá ń kọjá, á kí mi. Èmi náà á dá a lóhùn, èmi kì í ṣe kèfèrí.

Ọdún tó kọjá la gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn olówó yẹn fẹ́ ta pápá náà fún ẹni tó máa kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀. Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá bọ́ síbẹ̀, ó parí, kò sí kànga mọ́ láé, àwọn èèyàn á máa ta bíà lórí orí Màmá Àgbà. Èmi ò rán ẹnikẹ́ni sí Lọ́yà. Ó gbọ́ fúnra rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn mi, ó ní òun máa gbé ẹjọ́ náà, kí n mú gáùn jáde. Mo mú un jáde. Mo fọ̀ ọ́, mo se sítáàṣì fún aṣọ ọrùn, torí àdéhùn ni àdéhùn. Ó tún padà wá, ẹnu rẹ̀ gùn síwájú bíi ti ọmọ tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, tó ti di lọ́yà ńlá, ló ní kò ṣeé ṣe. Lọ́yà tó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ilẹ̀ náà kò lè tún jẹ́ lọ́yà nínú ẹjọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ló máa rò ó, ẹlẹ́rìí ni Lọ́yà lè jẹ́. Kò ní wọ gáùn. Inú àpótí ẹlẹ́rìí ló máa dúró sí, wọ́n á máa bi í ní ìbéèrè.

Mo ní ṣé á lọ. Ó yí padà, ó lọ sílé. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè mọ bó ṣe máa ń rí fún ẹni tí wọ́n ń bi.

Àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, ó tún dé pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò funfun tuntun lọ́wọ́. Iná ò sí. Ó gbé wọn sórí tábìlì mi.

"Sìkírá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ̀ ọ́."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi. Láti ìgbà tí a ti jọ mọra, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ọkàn mi fẹ́ rọ̀. Àmọ́ mo wo aṣọ náà, mo rántí ṣòkòtò elégírísì.

"Àwọ̀ wo nìyí?" mo ní.

Ó wò ó. Ó wò mí. "Funfun."

"Màmá Àgbà ní aṣọ dúdú."

Mo fa eléèédú jáde lábẹ́ tábìlì, mo fẹ́ iná sí i, mo gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti lò ó. Ó bọ́ agbádá rẹ̀, ó gbé áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ méjèèjì, ìwúwo rẹ̀ fà á síwájú. Ó ń gbé e lọ sórí aṣọ tuntun náà.

"Tiyín ná," mo ní.

Kò béèrè ohun tí mo ń sọ. Ó ti dúró síwájú tábìlì mi fún ọdún tó pọ̀ tó, ó ti gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọṣẹ́. Ó fa etí bùbá tó wọ̀ sára jáde, funfun ni òun náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó gbé ojú irin lé e. Nígbà tó gbé e kúrò, àmì dúdú bíi ojú ọ̀nà gba àárín etí aṣọ rẹ̀ kọjá. Ó wò ó pẹ́. Mo na ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, ó nu ojú irin, ó tún dán an wò lára ara rẹ̀, ó tún nù ún. Ìgbà tó mọ́ ló tó gbé e lé aṣọ tí ó ń wọ̀ lọ. Ó lọ̀ ọ́ burúkú. Ẹ̀yìn bùbá náà rí bí ewé gbígbẹ. Ó bọ́ èyí tó wọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, a jọ wọ mọ́tò.

Lọ́yà àwọn olówó yẹn bi í ní kóòtù pé, ṣé kì í ṣe òun gan-an ló gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹbí. Mo mọ ọ̀nà tó pọ̀ tí Lọ́yà lè gbà yí ìdáhùn yẹn ká. Mo ti gbọ́ gbogbo wọn níwájú tábìlì mi.

"Èmi ni," ó ní. "Mo sọ fún wọn pé ojú irin ni mo fẹ́ fi ṣe. Ojú irin ò sí níbẹ̀. Ilẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ kí n tó dé, èmi ni mo mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́."

Ẹjọ́ náà ṣe díẹ̀ kó tó parí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti padà sọ́dọ̀ wa, alhamdulillah. Àwọn ọmọ àbúrò mi ti ní kí wọ́n bá àwọn gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ inú kànga jáde. Omi rẹ̀ ṣì pupa. Ọṣẹ ò tíì hó nínú rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Múínà ní kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó fẹ́ ṣe lọ́yà, torí òun náà fẹ́ ṣe é. Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan. Kó máa dé bírò rẹ̀, kó bọ́ gáùn kó tó jẹun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó jẹ́rìí yẹn, Lọ́yà yà sọ́dọ̀ mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn kóòtù bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní bùbá tí òun bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀, kí n jọ̀ọ́ má fọ̀ ọ́. Ó ní òun fẹ́ máa rí àmì yẹn, òun fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri kí gbogbo ẹni tó bá wọlé òun bi òun ohun tó jẹ́, ó ní bí èèyàn bá ti dàgbà tó báyìí...

Mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀. Mo wá sọ fún un pé bùbá rẹ̀ ti wà nínú ọṣẹ láti àárọ̀, àmì náà sì ti mọ́ kúrò.